Ẹ̀rù Gẹ̀ẹ́sì Lẹ́nu Iṣẹ́

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tí ẹ ń ti Dùgbẹ̀ bọ̀ ní Ìbàdàn yìí, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Ring Road kò tíì jẹ́ kí ẹ dé Challenge, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní Bódìjà àti Agbowó, ẹ kú ọjà, ẹ ó jèrè o. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan gbogbo ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ oòjọ́, tó sì jẹ́ pé Yorùbá ló fi ń lálàá.

Ẹ jẹ́ ká wo akọ̀wé owó kan ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ láàárín wa. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé owó ọdún kan gbáko wà. Bí náírà kan bá dín, á sọ ọjọ́ tó dín àti ọwọ́ ẹni tó ti dín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá ti Èkó wá, tí wọ́n pe ìpàdé, tí wọ́n ní kó dìde ṣàlàyé, ojú rẹ̀ á yí padà. Á sọ gbólóhùn méjì, á ní “that is all, sir,” á sì jókòó. Ẹlòmíràn tí kò mọ ìdajì ohun tó mọ̀ á gba ọ̀rọ̀ náà, á fọ Gẹ̀ẹ́sì rẹpẹtẹ, ọ̀gá á máa mi orí. Nígbà tí lẹ́tà ìgbéga bá dé, ẹ̀yin náà mọ orúkọ ẹni tí yóò wà lórí rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Kí ló dí akọ̀wé yìí lẹ́nu? Ọ̀pọ̀ á ní kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó gba kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC kó tó wọ yunifásítì. Ó jókòó ṣe ìdánwò Use of English lọ́dọ̀ JAMB. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ló ń kà, Gẹ̀ẹ́sì náà ló fi ń kọ ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rín ló ń bẹ̀rù. Ó ń ro ohun tí wọ́n máa sọ lẹ́yìn ìpàdé: pé ó yìnbọn, pé ó ju gbagaun. Ó mọ̀ pé wọ́n lè torí àṣìṣe kan ṣoṣo sọ òun ní orúkọ àpèlé tí kò ní tán lára òun títí tí òun yóò fi fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, ó gbé ohun tó mọ̀ mì.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti kọ́ ẹ̀rù yìí. Púpọ̀ nínú yín kò ní gbàgbé “fànákúlà.” Ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì á san owó ìtanràn, á kúnlẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé pátákó kọ́ ọ lọ́rùn kí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè rí i. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ṣì ń ṣe é títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Mi ò sọ pé ìkà ni àwọn olùkọ́ wa. Èrò wọn ni pé bí àwọn bá lé Yorùbá jáde, Gẹ̀ẹ́sì á ráyè wọlé. Ìbẹ̀rù ló wọlé. Ọmọ tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì tó máa fi tọrọ àyè láti lọ tọ̀ kò ní tọrọ rẹ̀ mọ́, á jókòó síbẹ̀, á máa mi ẹsẹ̀. Lọ́nà bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ pé ẹni tó dákẹ́ kì í jẹ ẹgba. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ó gbé ẹ̀kọ́ yẹn wọ inú ọ́fíìsì.

Bẹ́ẹ̀ a ní ìwádìí kan nílẹ̀ wa níhìn-ín tó já èrò àwọn olùkọ́ wọ̀nyẹn. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St Stephen's “A” ní Ilé-Ifẹ̀, lápá Mọ́dákẹ́kẹ́. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Wọn kò pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì náà gẹ́gẹ́ bí èdè kejì, olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Afọláyan, tó jẹ́ ọ̀mọ̀wé nínú Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ yìí wé àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní agbede méjì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà, àwọn ọmọ ètò Ifẹ̀ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Gbogbo ayé ẹ̀kọ́ ló ń tọ́ka sí iṣẹ́ yìí títí di òní, ṣùgbọ́n àwa tí wọ́n ṣe é láàárín wa la tètè gbàgbé rẹ̀. Ó dùn mí.

Kí ni ìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú akọ̀wé Dùgbẹ̀? Ó ní í ṣe. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rò pé nítorí pé Yorùbá ń ṣáájú nínú ọpọlọ àwọn ni Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe dán lẹ́nu àwọn, wọ́n á wá máa bá ara wọn jà láti ronú ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Bí ẹ bá ní àlàyé kan láti ṣe lọ́la, ẹ rò ó ní Yorùbá lálẹ́ òní, kí ẹ tò ó: kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló fà á, kí la fẹ́ kí wọ́n ṣe. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú èdè tí ẹ mọ̀ jù, Gẹ̀ẹ́sì kékeré ló máa gbé e. Ọ̀rọ̀ tí kò tíì yé ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ ló máa ń di Gẹ̀ẹ́sì tó lọ́.

Ìbàdàn wa yìí kan náà ni ọkùnrin kan ti ṣiṣẹ́ tí ó yẹ ká máa rántí bí ẹ̀rín bá ń bà wá lẹ́rù. Amos Tutùọlá ni. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1920. Ìwé tó kà kò ju ọdún mẹ́fà lọ. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó ṣe é fún àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun àgbáyé kejì, lẹ́yìn náà ló di mẹ́séńjà ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ mẹ́séńjà ọ́fíìsì láyé ìgbà yẹn mọ̀ pé ìjókòó ló pọ̀ nínú rẹ̀. Níbi tó jókòó sí ló ti ń kọ ìtàn sílẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì tó ní, Gẹ̀ẹ́sì tí Yorùbá ń mí nínú rẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé náà, The Palm-Wine Drinkard, ní ọdún 1952. Dylan Thomas, akéwì ará Wales tí òkìkí rẹ̀ kàn, gbóríyìn fún un nínú ìwé ìròyìn Observer lọ́dún náà.

Nílé ńkọ́? Àwọn ọ̀mọ̀wé wa fara ya. Àwọn kan kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn pé ọkùnrin yìí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pé yóò dójú tì wá lójú àwọn òyìnbó. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Kì í ṣe àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ fi í ṣẹ̀sín. Àwa ni. Ohun tó sì ń bà wá nínú jẹ́ ni ohun tí òyìnbó máa rò nípa tiwa, àwa tí a ka ìwé jù ú lọ.

Ní ọdún 1956, Tutùọlá wá sí Ìbàdàn, ó di olùtọ́jú síọ́ọ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba. Ilé iṣẹ́ tí ohùn àti Gẹ̀ẹ́sì dídán jẹ́ ọjà wọn ló gbà á síṣẹ́ láti máa tọ́jú ẹrù. Àárín àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ló ń wọ̀, tó ń jáde, kò sì fi kálámù sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ ń jáde lé ara wọn. Ní ọdún 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìtàn The Palm-Wine Drinkard náà sórí ìtàgé ní èdè Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Nígbà tí Tutùọlá kú ní Ìbàdàn ní ọdún 1997, wọ́n ti túmọ̀ ìwé rẹ̀ sí oríṣiríṣi èdè. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa kọ mẹ́mò ọ́fíìsì bí Tutùọlá o. Ìwé ìtàn yàtọ̀ sí ìwé iṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni ibi tí ẹ̀rín ti wá. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín yín ní ìpàdé, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rù ń bà á. Ó ń dúpẹ́ pé òun kọ́ ni wọ́n pè.

Ohun mìíràn tó ń pa wá lára ní ìlú yìí ni ìfẹ́ gírámà. Ìbàdàn fẹ́ràn ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dún. Adégòkè Adélabù, olóṣèlú wa tó jáde láyé ní ọdún 1958, ní i lọ́pọ̀ yanturu. Ọmọ Government College Ìbàdàn ni, Gẹ̀ẹ́sì ń wọ́ tẹ̀ lé e. Òun ló sọ “peculiar mess” tí àwọn ará ìlú gbọ́, tí wọ́n sì sọ di pẹnkẹlẹmẹ́sì. Wọ́n fẹ́ràn ìró rẹ̀, wọ́n gbé e kọrin, ṣùgbọ́n ìró ni púpọ̀ nínú wọn gbé lọ sílé. Adélabù mọ ohun tó ń ṣe. Olóṣèlú ni, iṣẹ́ ìró sì wà nínú òṣèlú. Nọ́ọ̀sì tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lálẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tajà lórí fóònù ní Challenge kò ní in. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Síbẹ̀, mo ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń ki ọ̀rọ̀ gígùn gígùn bọ inú gbólóhùn tí wọn kò lè gbé, tí wọ́n á ṣubú sáàárín rẹ̀, tí wọ́n á wá ní Gẹ̀ẹ́sì ló ṣubú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè kan fún yín, nítorí mi ò mọ ìtàn mìíràn tó fi iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́ hàn bíi rẹ̀. Ní ọjọ́ 25, oṣù kìíní, ọdún 1990, ọkọ̀ òfurufú Avianca kan gbéra láti Kòlóńbíà, ó ń lọ sí New York. Ojú ọjọ́ kò dára. Wọ́n ní kó máa yípo lójú ọ̀run, ó yípo fún ohun tó lé ní wákàtí kan, epo ń tán lọ. Awakọ̀ kejì, ọmọ elédè Spéènì, ló ń bá àwọn tó wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó sọ fún wọn pé epo ń tán. Ṣùgbọ́n “epo ń tán” lè wà lẹ́nu awakọ̀ èyíkéyìí tó bá ń yípo lójú ọ̀run. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ì bá jẹ́ kí wọ́n lé gbogbo ọkọ̀ yòókù kúrò lọ́nà fún un: “emergency.” Kò sọ ọ́. Ọkọ̀ náà já lulẹ̀ ní Long Island, ènìyàn 73 sì kú nínú 158 tó wà nínú rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì awakọ̀ náà kò burú. Gbólóhùn rẹ̀ tọ̀nà. Ohun tó sọnù ni ọ̀rọ̀ kúkúrú tí iṣẹ́ náà ń béèrè, ní àsìkò rẹ̀, láìfi bò. Àjọ ọkọ̀ òfurufú àgbáyé, ICAO, ṣe òfin nígbà tó yá pé awakọ̀ àti àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì sísọ, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2008. Nínú òṣùwọ̀n ìdánwò yẹn, kò sí ẹni tó ní kí ohùn ará Kòlóńbíà tàbí ará Nàìjíríà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má ṣòro fún ẹni tó ń gbọ́ ọ láti lóye ni wọ́n ń wò.

Lórí ọ̀rọ̀ ohùn yìí, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Kánádà, Murray Munro àti Tracey Derwing, gbé iṣẹ́ kan jáde ní ọdún 1995. Wọ́n gba ohùn àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè kejì fún sílẹ̀, wọ́n ní kí àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀. Wọ́n rí i pé ẹnìkan lè ní ohùn àjèjì tó wúwo gan-an, kí wọ́n sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pátá. Ohùn àjèjì lọ́tọ̀, àìgbọ́yé lọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Agbowó tí ẹ ń fi imú fọ fọ́nẹ̀ bí ará Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ń rẹ ẹni tó ń sọ ọ́, kì í sì í yé ẹni tó ń gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ń wá ohùn tí ẹ ó máa fara wé, Network News ti Radio Nigeria wà níbẹ̀ ní aago 7 àárọ̀ àti aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ọmọ Nàìjíríà ló ń kà á, gbogbo ayé sì ń gbọ́ ọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti ń ṣàlàyé láti ìgbà pípẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ti di ohun tí àwa náà ní tiwa nínú rẹ̀, pé a kò lè máa fi òṣùwọ̀n Lọ́ńdọ̀nù nìkan wọn ẹnu ara wa. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gba ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà 29 wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bùkà wà níbẹ̀, dáńfó wà níbẹ̀, tòkunbọ̀ wà níbẹ̀. “Next tomorrow,” tí olùkọ́ nà yín lé lórí, òun náà wà níbẹ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a má tún ẹnu ṣe. Àwọn ibì kan wà tí Yorùbá ti máa ń fi wá sílẹ̀ lójú ọ̀nà, àwọn yẹn gan-an ni kí ẹ dojú kọ, kí ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀. Òǹkà ló ṣáájú. “Fifteen” àti “fifty” ń jọra lẹ́nu wa, ó sì lè dá wàhálà sílẹ̀ ní báǹkì àti ní ilé oògùn. Ẹ sọ ọ́ tán, kí ẹ tún un sọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: “one-five,” “five-zero.” Àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì tó mọṣẹ́ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èkejì ni ìparí ọ̀rọ̀. Fáwẹ̀lì ló ń parí ọ̀rọ̀ Yorùbá, nítorí náà kọ́ńsónáǹtì ìparí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń já bọ́ lẹ́nu wa. “I sent it” àti “I send it” á di ohun kan náà, ọ̀gá kò sì ní mọ̀ bóyá ẹ ti fi ránṣẹ́ tàbí ẹ ń bọ̀ wá fi ránṣẹ́. Ẹ fi “already” tàbí “yesterday” tì í lẹ́yìn, ó parí. “Can” àti “can't” náà ńkọ́? Ẹ máa sọ “cannot” ní kíkún. Ní ti “he” àti “she,” ó ń ṣe gbogbo wa, torí pé “ó” kan náà la ní fún ọkùnrin àti obìnrin. Bí ẹ bá pe màdáámù ní “he,” ẹ sọ “she,” kí ẹ máa lọ. Ẹ má dúró tọrọ àforíjì níbẹ̀.

Ó ku ohun kan tí a kì í sábà kà sí, bẹ́ẹ̀ mo gbà pé òun ló fa ìdajì ìdákẹ́jẹ́ tí a ń pè ní àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀wọ̀ ni. A kọ́ wa pé ọmọdé kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà, pé a kì í wo àgbà lójú kòrókòró. A wá dé ọ́fíìsì, ọ̀gá jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá wa, Gẹ̀ẹ́sì sì ní “you” ni ká máa pè é. Kò sí “ẹ” nínú rẹ̀, kò sí “wọ́n.” Ara ń kọ̀ ọ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé dáadáa á kúkú pa ẹnu mọ́ ju kó dà bí aláìlẹ́kọ̀ọ́ lọ. Bó bá jẹ́ ọ̀gá tó ti Lẹ́bánónì, Íńdíà tàbí Ṣáínà wá ni, á rí i pé ọmọ náà ń wolẹ̀, á sì rò pé ó ń fi nǹkan pamọ́.

Mi ò ní kí ẹ ju ọ̀wọ̀ nù. Ẹ gbé e síwájú ọ̀rọ̀, kí ẹ wá sọ̀rọ̀ tán lẹ́yìn rẹ̀. “Sir, with your permission, let me explain the figures.” “Ma, may I add one thing?” Ẹ ti kúnlẹ̀, ẹ ti dọ̀bálẹ̀ nínú gbólóhùn yẹn. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ gbójú sókè, kí ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀. Bí ìbéèrè bá wá tí kò yé yín, ẹ má dáhùn ohun tí ẹ kò gbọ́. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. “Please, say that again slowly.” “Do you mean last month or this month?” “Let me check it and come back to you before four.” Gbólóhùn mẹ́ta wọ̀nyí, bí ẹ bá há wọn sórí tí ẹ kò fi ní rò wọ́n kí wọ́n tó jáde, á gbà yín lọ́wọ́ ìdààmú púpọ̀. Ẹ sì rántí pé ọ̀gá Lẹ́bánónì tàbí Ṣáínà yẹn, èdè kejì ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún òun náà. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Moníyà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ló ń jókòó ti ara wọn, tí èdè ìyá kálukú yàtọ̀, tí iṣẹ́ sì ń lọ.

Ọ̀nà ìdánrawò kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbìyànjú. Keith Maurice ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1983, Paul Nation, olùkọ́ ní New Zealand, sì tún un dán wò. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan nínú iṣẹ́ yín, bóyá bí ẹ ṣe ń gba ọjà wọlé, tàbí ohun tó fà á tí owó fi pẹ́. Ẹ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ fún ẹlòmíràn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ tún un sọ fún ẹnì kẹta fún ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ ó rí i pé ìkólòlò ti dín, gbólóhùn ti kúrú, ọ̀rọ̀ ti ń wá fúnra rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ẹni mẹ́ta, fóònù yín wà: ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín, ẹ gbọ́ ọ nínú ọkọ̀. Ẹ kò ní fẹ́ràn ohùn yín lákọ̀ọ́kọ́. Kò sí ẹni tó ń fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ọ bí ẹ ṣe máa gbọ́ ti ẹlòmíràn tí ẹ fẹ́ kó ṣe dáadáa. Ohun tí mo kórìíra ni kí ẹnìkan máa ka ìwé gírámà lọ́dọọdún, kó má sì fi ẹnu sọ gbólóhùn kan. Inú ẹnu ni ẹ̀rù yìí ń gbé, inú ẹnu náà ni yóò ti jáde.

Mo tún fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀gá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin mánéjà, ẹ̀yin tó ni ilé iṣẹ́, nítorí òṣìṣẹ́ nìkan kò lè tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Bí òṣìṣẹ́ yín bá ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ níwájú oníbàárà, ẹ má ṣe tún un sọ fún un níbẹ̀. Ẹ pè é tó bá yá, kí ẹ sọ fún un ní ìkọ̀kọ̀, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹnìkan bá rẹ́rìn-ín ní ìpàdé yín, ẹ bi ẹni tó rẹ́rìn-ín pé kí ni èrò tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ẹ fún wọn ní ohun tí ẹ fẹ́ bi wọ́n láàárọ̀, kí ìpàdé tó wáyé ní ọ̀sán. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ni gbogbo yín lórí tábìlì náà, kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ kí wọ́n tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ ní Yorùbá, kí ẹ wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ àbájáde rẹ̀? Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní ìpín 55, gba àwọn aṣòfin àpapọ̀ láyè láti fi Hausa, Ígbò àti Yorùbá ṣe iṣẹ́ wọn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì bí ètò bá ti wà fún un. Ìpín 97 gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè náà. Bí wọ́n bá lè fi Yorùbá jíròrò owó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lódindi, ẹ lè fi jíròrò ìdí tí ọjà fi tán ní ṣọ́ọ̀bù Ring Road.

Àkókò wa ti lọ tán. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní wákàtí yìí kan náà, a ó sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń gba ìpè oníbàárà lórí fóònù ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí a kò rí ojú ẹni tó ń bínú. Kó tó dìgbà náà, ẹ mú ọ̀rọ̀ kan nínú iṣẹ́ yín, ẹ sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, mẹ́ta, àti méjì.